Ìyá Tí Ó Ṣí Kíláàsì fún Àwọn Aróṣọ

Bíbélì kíkà: Nehemáyà 5:1-13, Títù 2:1-8
Àkọ́sórí: Òwe 31:8-9

Nígbà tí ọdún bá ti ń lọ sópin, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ obìnrin nínú ìjọ a máa jókòó láti kọ ètò ọdún tí ń bọ̀. Bóyá ìwọ gan-an wà lára wọn. O mọ bí ó ti máa ń rí. Akọ̀wé á ṣí ìwé, ẹnì kan á dárúkọ ọ̀sẹ̀ àwọn obìnrin, ẹlòmíràn á dárúkọ ìsọjí, àwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, àbẹ̀wò sí ilé ìwòsàn, aṣọ ẹgbẹ́. Lẹ́yìn náà ni a ó kan kíláàsì iṣẹ́ ọwọ́: kéèkì yíyan, ọṣẹ olómi, ìlẹ̀kẹ̀ sínsín, gèlè wíwé. A ó kọ orúkọ olùkọ́, a ó kọ iye tí olúkúlùkù yóò san, a ó ṣe oore-ọ̀fẹ́, a ó sì túká.

N kò ní ohun kan lòdì sí kéèkì. Ṣùgbọ́n kí o tó fi ètò náà ránṣẹ́ sí Pásítọ̀, dákun wo bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Arábìnrin kan wà níbẹ̀ tí ó ti abà wọ Ọ̀fíkì kí ilẹ̀ tó mọ́, tí èéfín gàrí yíyan ṣì wà lára ìró rẹ̀. Ó gbé Bíbélì mọ́ àyà. Nígbà tí Pásítọ̀ bá ní kí a ṣí Bíbélì, òun náà á ṣí i. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ṣí kò bá ibi tí a pè mu, nítorí pé kò mọ̀wé kà. Ojú ń tì í láti sọ ọ́, nítorí náà ó ń mi orí bí àwa yòókù. Èwo nínú gbogbo kíláàsì tí a kọ sílẹ̀ ni a kọ nítorí tirẹ̀?

Nítorí ìbéèrè yìí ni mo ṣe fẹ́ kí a gbé ìgbésí ayé ìyá kan yẹ̀ wò lówùúrọ̀ yìí. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni. Bí a bá dárúkọ rẹ̀, ohun méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ: pé òun ni ìyá Fẹlá olórin, àti pé òun ni obìnrin tí ó kọ́kọ́ wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Nàìjíríà. Jẹ́ kí a fi Fẹlá àti ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ná. Iṣẹ́ tí ìyá yìí ṣe láàárín ẹgbẹ́ obìnrin, àti ohun tí kíláàsì kékeré kan dà lọ́wọ́ rẹ̀, ni mo fẹ́ kí o gbọ́.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá, ọdún 1900. Bàbá rẹ̀, Daniel Thomas, jẹ́ àgbẹ̀, ó sì ń ṣòwò epo. Ìyá rẹ̀, Lucretia, jẹ́ aránṣọ. Ìdílé onígbàgbọ́ ni. Ìyá ńlá kan wà ní ìdílé bàbá náà tí ń jẹ́ Sarah Táíwò, tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, tí Ọlọ́run sì ṣí ọ̀nà fún láti padà sí Abẹ́òkúta. Orúkọ òyìnbó méjì ni wọ́n fún ọmọ náà nígbà ìrìbọmi, Frances àti Abigail, gẹ́gẹ́ bí àṣà ayé ìgbà náà.

Wọ́n dá Abẹ́òkúta Grammar School sílẹ̀ ní 1908, ọmọkùnrin nìkan ni ó sì wà níbẹ̀. Ní 1914 ni wọ́n tó gba àwọn ọmọbìnrin. Mẹ́fà ni wọ́n, orúkọ ọmọ Thomas yìí ni wọ́n sì kọ́kọ́ kọ sínú ìwé. Rò ó wò, ọ̀rẹ́ mi. Ní ayé ìgbà náà, bí owó bá tó fún ọmọ kan ṣoṣo láti lọ sílé ìwé, ọmọkùnrin ni ọ̀pọ̀ ilé yóò rán. Bàbá yìí rán ọmọbìnrin. Ní 1919 ó tún rán an lọ sí ìlú òyìnbó, sí Wincham Hall ní Cheshire, níbi tí ó ti kọ́ nípa orin, iṣẹ́ olùkọ́ àti ìtọ́jú ilé. Níbẹ̀ ni ó ti pa Frances àti Abigail tì, tí ó ní Fúnmiláyọ̀ ni kí wọ́n máa pe òun. Ó padà wálé ní 1922, ó sì di olùkọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti jáde.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní, ọdún 1925, ó fẹ́ Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, olùkọ́ àti ìránṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Áńgílíkà. Bàbá ọkọ rẹ̀ ni Kánọ́nù Josiah Jesse Ransome-Kuti, ajíhìnrere tí ó máa ń kọrin ìyìn ní èdè Yorùbá pẹ̀lú ohùn Yorùbá, tí wọ́n gba orin rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Tọkọtaya náà kọ́kọ́ gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí ọkọ ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gíráámà. Ní 1932 ọkọ di ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School, wọ́n sì kó padà sílé. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ: Dolupo obìnrin, Olíkóyè, Fẹlá àti Bẹ́kọ̀.

Ìyàwó ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ìyàwó ìránṣẹ́ Ọlọ́run, ẹni tí ó ti ìlú òyìnbó dé. Ìwọ náà mọ irú àwọn obìnrin tí yóò máa yí i ká. Ní Abẹ́òkúta ó kó wọn jọ sínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè ní Abẹ́òkúta Ladies Club. Obìnrin onígbàgbọ́, tí ó kàwé, tí ọwọ́ rẹ̀ dé ẹnu dáadáa, ni ó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ń kọ́ aṣọ rírán, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń se oúnjẹ àlejò, wọ́n ń ṣe ìtọrẹ àánú fún àwọn aláìní. Oníkaba ni àwọn ará ìlú máa ń pe irú wọn, nítorí pé kaba òyìnbó ni wọ́n máa ń wọ̀. Àwọn obìnrin ọjà, tí ń ró ìró tí ó sì ń gbé igbá karí, àwọn ni aróṣọ. Ìlú kan náà, ìjọ kan náà nígbà mìíràn, àmọ́ oníkaba lọ́tọ̀, aróṣọ lọ́tọ̀.

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ètò ẹgbẹ́ yẹn. Mo fẹ́ kí o rí èyí dáadáa. Aṣọ rírán dára. Dọ́káàsì rán aṣọ, àwọn opó sì fi ẹkún sin ín. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tí ń ṣètò ń wo ara wọn nígbà tí wọ́n ń ṣètò. Ohun tí wọ́n nílò ni wọ́n kọ sínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ń ṣe títí di òní, láìmọ̀.

Obìnrin kan ni Ọlọ́run lò láti yí ọ̀rọ̀ náà padà. Kò kàwé. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n jẹ́, ó sì bẹ Fúnmiláyọ̀ pé kí ó ran òun lọ́wọ́ láti mọ̀wé kà. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣeé ṣe láti fi í sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe láti sọ pé kò sí nínú ètò ọdún yìí, kí ó padà wá ní ọdún tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá yìí gbọ́ ọ, nígbà tí ó sì gbọ́ ọ, ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹnì kan ni ó ń bá òun sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ìwé kíkà fún àwọn obìnrin ọjà nínú ẹgbẹ́ àwọn oníkaba yẹn.

Bí o bá ti kọ́ àgbàlagbà ní ìwé rí, o mọ iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀. Ọwọ́ tí ó ti lo ọkọ́ àti ìgbáko fún ogójì ọdún kì í tètè di pẹ́ńsù mú. Ó sì ń rẹ̀ wọ́n. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti wà lọ́jà, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn, oúnjẹ alẹ́ ṣì wà níwájú. Wọlé Ṣóyínká, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ìbátan Rẹ́fúrẹ́ǹdì Ransome-Kuti, jẹ́ ọmọdékùnrin ní Aké ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ó sì kọ nípa àwọn obìnrin náà, àti ìjàngbọ̀n tí ó tẹ̀lé e, nínú ìwé tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Aké, tí ó jáde ní 1981. Bí ìwé náà bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, kà á; ọ̀pọ̀ ibẹ̀ yóò pa ọ́ lẹ́rìn-ín.

Wàyí o, ohun kan wà nípa kíláàsì tí ẹni tí kò kọ́ni rí kò mọ̀. Ẹni tí o bá jókòó tì láti fi lẹ́tà hàn án kò ní pẹ́ kí ó tó sọ ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀ fún ọ. Nínú kíláàsì ìwé kíkà ni àwọn oníkaba ti gbọ́ ohun tí ojú àwọn aróṣọ ń rí. Ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, ìjọba sì fi ogun ṣe ìdí láti máa darí oúnjẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ a dúró de obìnrin tó ru ìrẹsì wá ọjà, wọn a sì gba ìrẹsì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó yá owó ra ọjà padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ní 1944 ẹgbẹ́ náà gbé ọ̀rọ̀ ìrẹsì yìí dìde. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n kọ̀wé, wọ́n sì ké sí àwọn oníwèé ìròyìn, títí tí gbígba ìrẹsì fi dópin.

Owó orí le ju ìyẹn lọ. Láti 1918 ni owó orí tààrà ti wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì ń san tiwọn lọ́tọ̀ sí ti ọkọ wọn. Ọmọbìnrin ọdún 15 ti wà nínú ìwé owó orí, nígbà tí ó di ọdún 16 kí wọ́n tó ka ọmọkùnrin mọ́ ọn. Àwọn obìnrin fẹ̀sùn kàn pé àwọn agbowó orí a máa bọ́ aṣọ lára àwọn ọmọdébìnrin láti wò bóyá wọ́n ti tó ẹni tí ń san án. Ìyá tí ń gbọ́ mi, o ní ọmọbìnrin nílé. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìgbìmọ̀ tí ń ná owó náà, kò sí obìnrin kan ṣoṣo.

Padà sí Nehemáyà orí karùn-ún tí a kà. Ẹsẹ kìíní sọ ẹni tí ó ké: àwọn ènìyàn, àti àwọn aya wọn. Ẹsẹ kẹrin sọ ohun tí wọ́n ń ké sí: owó orí ọba. Ẹsẹ karùn-ún mẹ́nu kan àwọn ọmọbìnrin wọn. Nehemáyà ń kọ́ odi lọ́wọ́, iṣẹ́ Ọlọ́run ni, ètò sì ti wà nílẹ̀. Ó dá ètò dúró, ó gbọ́ igbe náà, inú bí i gidigidi, ó sì rò ó nínú ara rẹ̀ kí ó tó pe àwọn ìjòyè lẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ wa ti wàásù lórí odi náà. Ta ni ó ń wàásù lórí orí karùn-ún?

Ní 1946 wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ padà. Ó di Abẹ́òkúta Women's Union, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo obìnrin ìlú, ìbáà jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí tàbí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, ìbáà kàwé tàbí kò kàwé. Wọ́n di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ní àkókò yìí ni Fúnmiláyọ̀ bọ́ kaba sílẹ̀ tí ó sì ń ró ìró bí àwọn yòókù, kí obìnrin kankan má baà wọlé kí ó rò pé òun kéré. Yorùbá ni ó fi ń sọ̀rọ̀, kódà níwájú àwọn òyìnbó aláṣẹ, ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù wọ́n lọ nínú ilé. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá ni wọ́n wá ogbufọ̀ fún ara wọn! Olùfẹ́, ìgbà mìíràn aṣọ tí aṣáájú wọ̀ lọ sí ìpàdé ni ó ń lé àwọn ènìyàn padà kúrò ní ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Má ṣe rò pé wọ́n pa kíláàsì tì nígbà tí ọ̀rọ̀ owó orí gbóná. Ẹgbẹ́ náà ń kọ́ni ní ìwé kíkà, wọ́n ní ibi ìtọ́jú aboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ ahunṣọ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Àwa tí a sún mọ́ Ìsẹ́yìn mọ ohun tí aṣọ òfì lè ṣe nínú ilé.

Wọ́n kọ̀wé sí Aláké, wọ́n kọ̀wé sí òyìnbó, wọn kò rí ìdáhùn tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ rìn wọ ìgboro, wọn kò rí ìwé àṣẹ gbà. Ìyá yìí wá sọ pé kò sí ìwọ́de mọ́, pé wọ́n kàn ń lọ ṣe fàájì níta ni, bí ìgbà tí ẹbí gbé oúnjẹ lọ sábẹ́ igi. Ó tilẹ̀ kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe bí ọlọ́pàá bá ju tíágáàsì. Kíláàsì nìyẹn náà, bí o bá fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀!

Ní ìparí oṣù Kọkànlá, 1947, nǹkan bí ẹgbàárùn-ún obìnrin kó lọ sí iwájú ààfin Aké, wọ́n sì sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ní oṣù Kejìlá wọ́n tún padà lọ. Ní 1948 wọ́n dá owó orí obìnrin dúró. Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò ní ìlú ní ọdún yẹn, ní oṣù Kìíní 1949 ó sì sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́. Àwọn obìnrin wọ ìgbìmọ̀ ìlú, Fúnmiláyọ̀ sì wà lára wọn. Ní òpin 1950 Aláké padà sórí ìtẹ́ rẹ̀. Owó orí obìnrin kò bá a padà lọ́gán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí n kò bá ìyá yìí dé. Àwọn obìnrin náà kọ orin èébú sí ọba níwájú ààfin rẹ̀. Mo mọ ohun tí ojú wọn ti rí, síbẹ̀ n kò lè fi irú orin bẹ́ẹ̀ sínú ètò ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ kankan; Pétérù Kìíní 2:17 wà nínú Bíbélì tèmi, ó wà nínú tìrẹ náà. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ ó tún yí orúkọ padà sí Aníkúlápó-Kútì pẹ̀lú Fẹlá ọmọ rẹ̀. Orúkọ yẹn, n kò lè ṣe àmín sí i. Ẹnì kan ṣoṣo ni kọ́kọ́rọ́ ikú wà lọ́wọ́ rẹ̀, Ìfihàn 1:18 sì ti sọ orúkọ rẹ̀ fún wa. Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo gbé e kalẹ̀ bí ẹni mímọ́ tí a ó máa tẹ̀lé ní gbogbo ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe fún aróṣọ tí kò mọ̀wé, mélòó nínú àwa tí a ń fi èdè àjèjì gbàdúrà ni ó ti ṣe é?

Ó ná an ní nǹkan. Rẹ́fúrẹ́ǹdì, tí ó dúró tì í gbágbáágbá ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, kú ní 1955. Lẹ́yìn tí ó ti lọ sí Ṣáínà ní 1956, ìjọba kọ̀ láti tún ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣe, wọ́n ní ó ń bá àwọn Kọ́múníìsì rìn. Ó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin láti dìbò, àwọn obìnrin ilẹ̀ Àríwá kò sì rí ìbò dì títí di 1979. Ọlá náà dé: wọ́n fi oyè orílẹ̀-èdè dá a lọ́lá ní 1965, Yunifásítì Ìbàdàn sì fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1968. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 18 oṣù Kejì, 1977. Àwọn ṣọ́jà ya wọ ilé Fẹlá ní Èkó, wọ́n lu àwọn ènìyàn, wọ́n sun ilé, wọ́n sì ju ìyá ẹni ọdún 76 yìí sílẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè. Ara rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò mọ́. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin, 1978.

Abẹ́òkúta ni wọ́n sin ín sí ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, nínú ibojì kan náà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Àwọn obìnrin ọjà pa ọjà tì lọ́jọ́ yẹn. Aláwọ̀ ìró ni wọ́n, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí ó di pẹ́ńsù mú pẹ̀lú wọn ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn.

Jẹ́ kí n fi ohun kan kún un nítorí àwa ará Òkè-Ògùn. Olíkóyè ọmọ rẹ̀ di dókítà àwọn ọmọdé, ó sì jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992. Bí o bá jẹ́ ìyá ọmọ ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, o rántí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń gbé lọ láti abúlé dé abúlé, àti bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ìyá láti po omi, iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ẹ̀kọ́ tí a fi sí ọwọ́ ìyá tí kò kàwé, ní ìdáná rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ó wà nínú ilé rẹ̀. Ibi tí ọmọ náà ti rí irú rẹ̀ rí kò ṣòro láti mọ̀.

Wàyí o, ìwé ètò ẹgbẹ́ rẹ ṣì wà níwájú rẹ. A fẹ́ràn Òwe orí 31 nínú ìpàdé obìnrin, ṣùgbọ́n ẹsẹ kẹwàá ni a ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ kìíní yóò rí i pé ìyá kan ni ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ọba, àti pé ní ẹsẹ kẹjọ àti ìkẹsàn-án, kí ó tó dé orí obìnrin oníwà rere, ó sọ fún un pé kí ó la ẹnu rẹ̀ fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, kí ó sì gbèjà tálákà. Ìyá náà ni ó to ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ báyẹn. Àwa ni a gé orí rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi kíláàsì ìwé kíkà kún ètò, ẹ má fi í sí ọjọ́ ọjà, ẹ má sì fi í sí àkókò tí wọ́n ń hú ẹ̀gẹ́ tàbí tí wọ́n ń pa bàrà. Ẹ bi àwọn tí yóò wá léèrè ọjọ́ tí ó rọrùn fún wọn kí ẹ tó kọ ọjọ́ sílẹ̀. Èyí nìkan ti ju ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń ṣe lọ. Ẹ yan ẹni tí yóò máa tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ níta. Olùkọ́ kan nínú ìjọ, tàbí ọ̀dọ́ kan tí ó ti jáde ìwé mẹ́wàá, lè kọ́ wọn ní Yorùbá. Ìwé Aláwìíyé tí àwọn ọmọ wa fi kọ́ ABD kò ní ohun tí ó burú fún ìyá wọn. Orúkọ ara rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ kọ. Mo ti rí ìyá àgbà kan tí ó kọ orúkọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ rí, ó mú ìwé náà dání, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun. Lẹ́yìn orúkọ, kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń ka oye kóńgò gàrí sínú ìwé, bí a ṣe ń ka káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ, bí a ṣe ń mọ iye tí ó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì kí ẹlòmíràn má baà ká a fún un ní èké. Lẹ́yìn náà, Ìhìnrere Jòhánù, ẹsẹ kan lọ́jọ́ kan.

Kí o sì múra sílẹ̀ fún ohun tí wọn yóò sọ fún ọ. Nígbà tí arábìnrin bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn bá ti mọ̀ pé o kò ní fi òun ṣẹ̀sín, yóò sọ ọ̀rọ̀ oníbàárà tí ó ń fi òṣùwọ̀n èké ra èlùbọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ tí ó kú gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tí wọ́n yọ kúrò nílé ìwé. Kò sí èyí tí ó wà nínú ètò ọdún. Ọjọ́ yẹn ni ìwọ náà yóò mọ ohun tí Nehemáyà rò nínú ara rẹ̀ kí ó tó ya ẹnu.

Kókó àdúrà:
Baba, ṣí ojú mi lónìí kí n rí arábìnrin tí mo ti ń jókòó níwájú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí láìmọ orúkọ rẹ̀.
Baba, fún àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ obìnrin wa ní Ọ̀fíkì, ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn àti ní gbogbo abà tó yí wa ká ní sùúrù àti etí tí ń gbọ́.
Baba, gbogbo ìyá tí yóò di pẹ́ńsù mú fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún yìí, má jẹ́ kí ojú tì í, ní orúkọ Jésù. Àmín.